Ìpẹtà inú ọ̀pá gáàsì: Òkèèrè la ti ń wò ó

Bí iná bá lọ ní Alajue, l'Ẹdẹ, ẹni tó ń ta ẹja inú yìnyín yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò owó epo jẹnẹrétọ̀, jórinjórin yóò jókòó, télọ̀ yóò sì máa bẹ oníbàárà. Gáàsì ni wọ́n fi ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú iná mànàmáná Nàìjíríà. Ọ̀pá tó ti Escravos lọ sí Èkó ló ń gbé e lọ fún ilé iṣẹ́ iná Ẹgbin, Ọlọ́runṣògo àti Omotosho. Bí irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ bá bàjẹ́, iná yóò dín kù, àpò oníṣòwò náà yóò sì gbọ́ ọ.

Àwọn tó ń fọ́ ọ̀pá ni gbogbo ayé ń pariwo lé lórí, ṣùgbọ́n ọ̀tá mìíràn wà tí kì í pariwo: ìpẹtà. Carbon dioxide, afẹ́fẹ́ tó ń hó nínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, máa ń bá gáàsì jáde láti inú ilẹ̀. Lóun nìkan, kò lè fi irin ṣe nǹkan kan. Bó bá pàdé omi, ó di ásíìdì, á sì máa jẹ irin láti inú wá. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń yọ omi kúrò lára gáàsì kó tó wọ ọ̀pá ńlá. Ọ̀pá tó ń gbé e bọ̀ láti ẹnu kànga, nígbà tí omi ṣì wà lára rẹ̀, ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù.

Ṣé èèyàn lè mọ̀ ṣáájú? Bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́dún 1975, de Waard àti Milliams gbé ìlànà ìṣirò kan jáde. Ooru inú ọ̀pá àti agbára tí carbon dioxide fi ń tì níbẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ bí irin yóò ṣe máa fẹ́lẹ́ tó lọ́dún. Ẹ wo àpẹẹrẹ: bí irin bá nípọn tó mìlímítà 12, tí kò gbọdọ̀ dín sí 9, tó sì ń fi 0.3 dín kù lọ́dọọdún, ọdún 10 ló kù fún un.

Àmọ́ ìṣirò nìkan kò tó. Bí ooru bá kọjá nǹkan bí 60 lórí ìwọ̀n Celsius, èépá lè bo irin, kí ìpẹtà sì dín kù. Bí èépá náà bá ṣí níbì kan, ibẹ̀ lè di ihò. Nítorí náà, wọ́n ń fi irin pélébé sínú ọ̀pá, wọ́n á yọ ọ́ wọ̀n lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n sì tún ń rán ẹ̀rọ gba inú ọ̀pá kọjá. Lóṣù kejì ọdún 2025, iléeṣẹ́ WAPCo, tó ni ọ̀pá gáàsì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, dá iṣẹ́ dúró lórí ọ̀pá rẹ̀ abẹ́ òkun láti ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Wọ́n kéde rẹ̀ ṣáájú, kí àwọn tó ń lo gáàsì náà lè múra.

Ẹ̀kọ́ oníṣòwò wà níbẹ̀. Fìrísà, jẹnẹrétọ̀ àti táńkì náà ń gbó. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rà wọ́n sílẹ̀, ẹ máa yẹ̀ wọ́n wò lásìkò, kí ẹ sì máa tọ́jú owó òmíràn díẹ̀díẹ̀. Igi gaǹgaǹran má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.