Irin inú ọrùn ọwọ́: bí agbára rẹ̀ ti mọ

Nígbà tí ènìyàn bá ń ṣubú, ọwọ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ nà sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí alùpùpù gbé ṣubú ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni ìyá àgbà tí ó yọ̀ nídìí kànga. Nítorí náà, egungun ọrùn ọwọ́ wà lára àwọn egungun tí ó máa ń kán jù lọ. Egungun méjì ni ó wà láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Èyí tí ó wà ní ìhà àtàǹpàkò ni ó sábà máa ń kán.

Bí egungun tí ó kán kò bá yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, dókítà lè dì í láti òde títí yóò fi jinná. Bí ó bá fọ́ tàbí tí ó yẹ̀, oníṣẹ́-abẹ lè la ibẹ̀, kí ó tò ó, kí ó sì fi irin pẹlẹbẹ dè é nínú. Carl Hansmann, dókítà kan ní ìlú Hamburg ní Jámánì, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ̀wé nípa irú iṣẹ́ yìí, ní ọdún 1886. Lóde òní, ìṣó tí a ń lọ́ wọlé ni ó ń di irin náà mú. Orí ìṣó a máa lọ́ mọ́ ihò irin, bí ìdérí ti ń lọ́ mọ́ ẹnu ìgò. Èyí dára fún àgbàlagbà tí egungun rẹ̀ ti rọ̀.

Níbo ni agbára irin náà ti ń wá?

Èkíní ni irú irin tí a lò. Àwọn kan jẹ́ irin tí kì í dógùn-ún. Àwọn mìíràn jẹ́ titanium, tí ó fúyẹ́ jù ú lọ. Bí méjèèjì bá tóbi bákan náà, tí ẹrù kan náà sì wà lórí wọn, titanium yóò tẹ̀ tó ìlọ́po méjì èkejì.

Èkejì ni bí irin náà ti nípọn tó. Bí a bá sọ nínípọn rẹ̀ di ìlọ́po méjì, yóò ṣòro láti tẹ̀ ní ìlọ́po 8. Kí ló dé tí a kò fi ń lo èyí tí ó nípọn gan-an? Àwọn okùn iṣan tí ń fa ìka wà nítòsí rẹ̀. Irin tí ó yọ síta lè máa ha wọ́n títí wọn yóò fi já. Nítorí náà, nǹkan bíi mìlímítà 2 péré ni ọ̀pọ̀ irin wọ̀nyí nípọn.

Ẹrù tí irin yìí ń gbé kò kéré. Bí ọwọ́ bá fún nǹkan pẹ̀lú agbára kílò 1, èyí tí ó ń dé orí egungun náà lè ju kílò 2 lọ, nítorí àwọn iṣan ń fà á.

Ẹ jẹ́ kí a wo wáyà. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kì í dá. Bí a bá ń tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn, yóò dá. Bẹ́ẹ̀ náà ni irin inú ọwọ́ ń rẹ̀. Nítorí èyí, àwọn tí ń dán an wò máa ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, egungun máa ń so pọ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ 6 sí 12. Bí ó ti ń so pọ̀, ni ó ń gba ẹrù náà padà lọ́wọ́ irin. Bí kò bá so pọ̀, bó pẹ́ bó yá, irin lè dá, bó ti wù kí ó le tó.

Nítorí náà, ẹni tí a fi irin sí lọ́wọ́ ní iṣẹ́ láti ṣe. Kí ó máa ká ìka rẹ̀, kí ó sì máa nà á, bí dókítà bá ti sọ. Ó lè di ṣíbí tàbí ife mú bí wọ́n bá gbà á láyè. Kí ó má ṣe fa omi kànga, kí ó má ṣe gúnyán, kí ó má sì fi ọwọ́ náà ti ilẹ̀ dìde, títí àwòrán egungun yóò fi hàn pé ó ti jinná. Bí ọwọ́ bá wú, tí ó tún ń dun ni, tí ó wọ́, tàbí tí ìka kò ká mọ́, kí ó tètè padà sí ilé ìwòsàn.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.