Edward Seaga: Mínísítà tó mọ orin àwọn mẹ̀kúnnù

Bí orílẹ̀-èdè kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, àwọn amúnisìn á fi ọ́fíìsì àti fáìlì sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í fi ìdáhùn sí ìbéèrè kan sílẹ̀: ta ni wá gan-an? Jàmáíkà gba òmìnira lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ, ọdún 1962. Edward Seaga, mínísítà fún ìdàgbàsókè àti ìgbáyé-gbádùn aráàlú, wà lára àwọn tí ìbéèrè yìí já lé léjìká. Ọmọ ọdún 32 péré ni nígbà náà.

Boston ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, àwọn òbí rẹ̀ sì jẹ́ ará Jàmáíkà. Ó gboyè ní Harvard lọ́dún 1952. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ẹ mọ̀ pé mo máa ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ èdè, àárín àwọn tó ń sọ ọ́ ni kó lọ jókòó sí. Ohun tí Seaga ṣe nìyẹn. Ó lọ gbé láàárín àwọn mẹ̀kúnnù ní Buxton Town àti ní Salt Lane, ó ń kọ́ nípa ìsìn Revival, èyí tí ìlù àti ijó wà nínú rẹ̀, tí ẹ̀mí sì máa ń gun olùjọsìn. Lọ́dún 1956, ilé iṣẹ́ Folkways gbé àwo orin tó gbà sílẹ̀ jáde. Ẹ má gbàgbé pé lásìkò yẹn, ojú ń ti ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé láti ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú irú orin bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó di mínísítà, ó dá àjọ̀dún orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀ ní 1963. Lọ́dún 1964, wọ́n gbé òkú Marcus Garvey, tó kú sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1940, padà wá sin sí Kingston, wọ́n sì sọ ọ́ di akọni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá o. Abúlé kan wà ní Westmoreland tí wọ́n ń pè ní Abeokuta, àwọn tó ti ibẹ̀ ṣẹ̀ sì ń pe ara wọn ní Nago. Ṣé ẹ gbọ́ Ànàgó nínú rẹ̀? Ní Hanover, ijó kan wà tí wọ́n ń pè ní Ettu, àwọn onímọ̀ kan sì gbà pé ẹ̀tùtù ni.

Ṣùgbọ́n ẹyọ owó ní ojú méjì. Àdúgbò kan wà ní ìwọ̀-oòrùn Kingston, ní agbègbè tí Seaga ń ṣojú fún, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Back-O-Wall. Ahéré onípáànù ló kún ibẹ̀, ọ̀pọ̀ Rasta sì ń gbé ibẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1960 sí 1969, ìjọba fi katakata wó o palẹ̀, wọ́n kọ́ Tivoli Gardens síbẹ̀. Ilé tuntun náà dára lóòótọ́, omi wà, iná wà. Àmọ́ àwọn alátìlẹyìn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló gba èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí àwọn yòókù? Wọ́n fọ́n ká. Àdúgbò náà di odi agbára ẹgbẹ́ òṣèlú, ìbọn sì wọ ọ̀rọ̀ náà. Lọ́dún 2010, nígbà tí Seaga ti fẹ̀yìn tì, àwọn agbófinró ya wọ ibẹ̀ láti wá ọkùnrin kan tí Amẹ́ríkà fẹ́ mú. Ó lé ní 70 ènìyàn tó kú.

Seaga ṣe mínísítà ètò ìnáwó láti 1967 sí 1972. Lákòókò náà, ní 1969, Jàmáíkà fi pọ́n-ùn sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ná dọ́là. Ó di olórí ìjọba láti 1980 sí 1989. Ọdún 43 ló fi ṣojú agbègbè kan ṣoṣo yẹn. Ó kú ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún, ọdún 2019, ọjọ́ tó pé ẹni ọdún 89 gan-an.

Nínú èdè Látìn, ìtumọ̀ mínísítà ni ìránṣẹ́. Nígbà tí Seaga jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, kò bèèrè ẹgbẹ́ tí àwọn tó ń kọrin fún un ń dìbò fún. Nígbà tó di ìránṣẹ́ wọn, ìbéèrè yẹn ló ń pinnu ẹni tó máa rílé gbé. Ẹ bá mi wò ó: èwo nínú méjèèjì ni àwọn mínísítà tiwa ń bèèrè?