Màmá tó ṣe ológbò: Eré àwọn ọmọ Júù tí Hitler kò rí pa

Ìyá àgbà kan wà tó máa ń gun orí ìtàgé nígbà tí eré àwọn ọmọdé bá ń parí lọ. Ela Weissberger lorúkọ rẹ̀, ìpínlẹ̀ New York lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ló fi ṣelé. Bí wọ́n bá ti ránṣẹ́ pè é pé àwọn ọmọ kan fẹ́ ṣe eré Brundibár, màmá yóò palẹ̀ mọ́, ó di ibẹ̀. Tí eré bá wá kan orin ìṣẹ́gun tó gbẹ̀yìn, wọ́n á fa màmá wọ àárín àwọn ọmọ, wọ́n á sì jọ kọ ọ́. Kì í ṣe pé ó jẹ́ gbajúmọ̀ òṣèré o. Òun ló ṣe ológbò nínú eré yìí kan náà lọ́dún 1943, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 13, nínú àgọ́ tí àwọn èèyàn Hitler kó àwọn Júù sí.

Ìtàn inú eré náà kò le rárá. Ọmọ méjì kan wà, Pepíček àti Aninka. Baba wọn ti kú, ìyá wọn wà lórí àìsàn, dókítà sì ní mílíìkì ló lè gbé e dìde. Àwọn ọmọ dé ọjà, kò sí kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn, onímílíìkì kò sì ta àwìn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí Brundibár, ọkùnrin kan tó ń yí dùùrù alápòótí kiri ìgboro, táwọn èèyàn ń sọ owó fún. Làwọn náà bá ní káwọn kọrin, ṣùgbọ́n ohùn wọn kò jáde láàárín ariwo, Brundibár sì lé wọn dànù. Lóru, ológoṣẹ́, ológbò àti ajá wá bá wọn, wọ́n ní kí wọ́n má mikàn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n kó gbogbo ọmọ àdúgbò jọ, wọ́n da ohùn pọ̀, wọ́n kọ orin arẹmọlẹ́kún, ọkàn àwọn àgbà ọjà rọ̀, wọ́n sì dáwó fún wọn. Ni Brundibár bá já owó gbà, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Àwọn ọmọ gbá tẹ̀ lé e, wọ́n gba owó ìyá wọn padà. Eré náà kò ju nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú lọ.

Hans Krása, ọmọ Júù kan láti ìlú Prague, ló ṣe orin rẹ̀ lọ́dún 1938. Adolf Hoffmeister ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni Jámánì gba ìlú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ilé àwọn ọmọ òrukàn Júù ní Prague ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, ní bòókẹ́lẹ́. Krása kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n ti kó o lọ sí Terezín láti oṣù August, ọdún 1942.

Terezín yìí, ìlú olódi àtijọ́ ni, àwọn ará Jámánì ń pè é ní Theresienstadt. Èèyàn tí wọ́n kó lọ síbẹ̀ lé ní 140,000. Ebi àti àrùn pa nǹkan bí 33,000 nínú wọn, wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú irin kó nǹkan bí 88,000 lọ sí Auschwitz àti àwọn àgọ́ ìpànìyàn mìíràn. Rudolf Freudenfeld, ọmọ ọ̀gá ilé àwọn ọmọ òrukàn yẹn, ló mú ìwé orin náà wọ àgọ́. Krása tún un tò fún ìwọ̀nba ohun èlò orin tó wà nílẹ̀, František Zelenka sì fi pákó ṣe ọgbà kan tó ya àwòrán ológoṣẹ́, ológbò àti ajá sí, ó dá ihò sí i káwọn ọmọ lè yọrí. Ní September 23, 1943, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìgbà 55 ni wọ́n ṣe eré náà. Ọmọ tó wà nínú ègbè lónìí lè má sí mọ́ tó bá dọ̀la, wọ́n á wá òmíràn fi dí àyè rẹ̀. Honza Treichlinger, ọmọ òrukàn, ló ṣe Brundibár, ó lẹ irunmú mọ́ ètè, ó ń mì í kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè ẹni tí Brundibár jẹ́.

Ṣùgbọ́n àwọn Násì náà rí ohun tí wọ́n lè fi eré yìí ṣe. Nígbà tí ẹgbẹ́ Red Cross fẹ́ wá wo àgọ́ náà ní June 23, 1944, wọ́n kun ilé, wọ́n gbin òdòdó, wọ́n sì ti kó nǹkan bí 7,500 èèyàn lọ sí Auschwitz ṣáájú kí ibẹ̀ má baà há jù lójú àlejò. Wọ́n ṣe Brundibár fún àwọn àlejò. Àwọn àlejò wò ó, wọ́n lọ, ìròyìn tí wọ́n kọ kò sì fi bẹ́ẹ̀ burú. Wọ́n tún ya eré náà sínú fíìmù tí wọ́n fẹ́ fi tan aráyé. Nígbà tí wọ́n ya fíìmù tán, láàárín oṣù kan péré, wọ́n kó ohun tó lé ní 18,000 èèyàn lọ sí Auschwitz. Krása wà nínú wọn, Zelenka wà nínú wọn. Honza tó ṣe Brundibár kò padà wá.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ eré yìí fi gba ọgbọ́n lóde òní. Láti bí ọdún 1975 tí wọ́n ti ṣe é l'Amẹ́ríkà, ó ti tàn dé Jámánì fúnra rẹ̀, dé Bìrìtìkó àti ibòmíràn, pàápàá tó bá ku díẹ̀ kó di January 27, ọjọ́ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ lọ́dún 2005 fún ìrántí àwọn Júù tí wọ́n pa. Lọ́dún 2003, Tony Kushner àti Maurice Sendak gbé e jáde ní Chicago, wọ́n sì sọ ọ́ di ìwé àwòrán fún àwọn ọmọdé. Ní òpin ìwé náà, Brundibár fi lẹ́tà sílẹ̀ pé òun ṣì ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n tún gbé eré náà lọ sí Berkeley, Kushner fi eré kékeré kan ṣíwájú rẹ̀, nípa ọmọbìnrin kan tí wọ́n fẹ́ kó lọ, tí kò mọ ohun tí ì bá dì sínú àpótí.

Àwọn kan lè sọ pé ọmọ kéékèèké ni wọ́n, kí wọ́n kọrin wọn kí wọ́n máa lọ ilé, ẹ má fi ọ̀rọ̀ Auschwitz bà wọ́n lẹ́rù. Ọ̀rọ̀ òbí ni, kò ṣeé dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n eré nìkan náà kúkú ni àwọn àlejò ọdún 1944 wò.

Ela Weissberger ò sọ ohun tó dẹ́rù ba ọmọ. Ohun tó máa ń sọ fún wọn kò ju nǹkan kan lọ: ìràwọ̀ aláwọ̀ ìyeyè tí gbogbo Júù gbọ́dọ̀ rán mọ́ àyà. Ó ní ní gbogbo ìgbà tí àwọn bá wà lórí ìtàgé, wọ́n gbà káwọn bọ́ ọ. Àwọn ọmọ á béèrè bó ṣe rí lára rẹ̀. Màmá á ní ìgbà yẹn nìkan ni àwọn máa ń dà bí ọmọ tó wà lómìnira. Lẹ́yìn eré, wọ́n á tún so ó mọ́ra. Ọdún 2018 ni màmá náà kú.