Wicht: Agbára Pẹ̀lú Ìgboyà

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè Skọ́tílándì àtijọ́: wicht. Ọ̀dọ̀ àwọn atukọ̀ láti ìhà Nọ́wè ni ó ti wá. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tí ó tó ogun jà ni ó ń jẹ́. John Barbour, àlùfáà àgbà ní Aberdeen, lò ó nínú ewì gígùn tí ó kọ ní nǹkan bí ọdún 1375 nípa ọba Robert Bruce, tí ó ṣẹ́gun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Bannockburn ní 1314.

Àwa ń pe ọ̀kan ní alágbára, èkejì ní akíkanjú, nítorí ẹni tí ó lè gbé odó lè sá lójú ogun. Wicht so méjèèjì pọ̀: apá tí ó le, àyà tí kì í já. Bí a bá ń yin ọmọ wa nítorí apá nìkan, ìdajì ọ̀rọ̀ náà ni a kọ́ ọ.