Ọ̀RỌ̀ OMI: ỌWỌ́ TA NI Ó YẸ KÍ Ó WÀ?

Omi kò l'ọ́tàá. Ẹni tí ó bá ní òun yóò bá omi ṣọ̀tá, òùngbẹ ni yóò kọ́ ọ l'ọ́gbọ́n. Nítorí náà ni a kò fi lè dákẹ́ l'órí ọ̀rọ̀ ẹni tí ó yẹ kí ó máa ṣe àkóso omi ní agbègbè wa.

Ní ọdún 1942 ni a parí ìsédò Ẹlẹ́yẹlé l'órí odò Ọ̀nà, tí omi ẹ̀rọ sì ti ibẹ̀ wọ Ìbàdàn. Ní ọdún 1972 ni ti Aṣẹ́jirẹ́ tẹ̀lé e, l'órí odò Ọ̀ṣun. Irú iṣẹ́ báyìí kọjá agbára ìgbìmọ̀ ìlú kan ṣoṣo. Owó àti ọgbọ́n gbogbo Ìpínlẹ̀ ni apá rẹ̀ ká a. Odò pàápàá kò mọ ààlà ìgbìmọ̀: bí àwọn ti òkè bá ba omi jẹ́, àwọn ti ìsàlẹ̀ ni yóò mu ún.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jìnnà kì í gbọ́ igbe ilé ẹni. Ẹ wo Ọlọ́runṣògo àti àwọn abúlé Ọ̀nà-Àrà, Ẹ̀gbẹ́dá àti Lágelú. Bí ẹ̀rọ omi abúlé bá dákẹ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ta ni Baálẹ̀ yóò tọ̀ lọ? Bí ìgbìmọ̀ bá ní iṣẹ́ Ìpínlẹ̀ ni, tí àjọ Ìpínlẹ̀ sì wà ní ìgboro, àwọn ọmọdé ni yóò ru ìkòkò lọ s'ódò.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, ní 1 April 1974, a gba iṣẹ́ omi l'ọ́wọ́ àwọn ìgbìmọ̀ ìlú, a sì kó o fún àjọ ńlá mẹ́wàá. Nígbà tí ó di ọdún 1989, Ìjọba ta àwọn àjọ náà fún àwọn olówó. Ohun tí ó kúrò l'ọ́wọ́ ará ìlú lè ti ibẹ̀ dé ọjà.

Ìmọ̀ràn tiwa nìyí: kí àjọ ńlá di ìsédò àti paípù ńlá mú, ṣùgbọ́n kí àwọn abúlé ní aṣojú nínú ìpàdé rẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ abúlé wà l'ọ́wọ́ ará abúlé, kí a sì máa ka ìṣirò owó rẹ̀ ní gbangba.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹ̀yin aṣáájú wa, ọ̀dọ̀ yín ni a gbé ọ̀rọ̀ yìí wá; ẹ jẹ́ kí a gbọ́ èsì kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé.