Bí Ayánilówó Bá Ń Pe Ọ̀gá Yín

Ẹlòmíràn yá owó lórí fóònù, ọjọ́ sísan kọjá, ni ayánilówó bá ń pe ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ní Igbókòdá, ó ní olè ni. Inú fóònù onígbèsè fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti rí nọ́ńbà náà. Ó ti gbà kí wọ́n wo gbogbo orúkọ ibẹ̀.

Dandan ni gbèsè sísan, ṣùgbọ́n ìdójútì yìí lòdì sófin. Lọ́dún 2021, àjọ NITDA bu ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé Soko Loan nítorí irú rẹ̀. Ẹ má pa àtẹ̀jíṣẹ́ wọn rẹ́. Ẹ fi ṣọwọ́ sí àjọ FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà. Ẹni tí kò rówó san rárá, kó wá bá wa: onígbèsè wà lára àwọn mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí.