Ẹni Tí Yóò Kó Ọmọ Gun Òkè

Ọ̀rọ̀ òní kan gbogbo ilé tí ó bá ní ọmọ tí ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Lọ́dọọdún ni àwọn olùkọ́ ń kó ọmọ lọ wo ibi tí ó lẹ́wà ní ilẹ̀ Èkìtì wa yìí. Àwọn kan a lọ sí Ìkógòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn pàdé ara wọn. Àwọn kan a lọ sí Ìpólé-Ìlórò láti wo omi Arinta tí ń dà ṣọ̀ọ̀rọ̀ wálẹ̀ láti orí àpáta. Àwọn mìíràn a lọ wo Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́. Òbí a san owó mọ́tò, a bu ìrẹsì sínú abọ́, a sì fi ọmọ lé olùkọ́ lọ́wọ́. Ìbéèrè mi nìyí: ta ni ó kọ́ olùkọ́ náà bí a ti ń kó ọmọ gun òkè?

Ẹ má ṣe bínú sí mi. Olùkọ́ ni èmi náà, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń kọ́ wa. Wọ́n kọ́ wa bí a ti ń kọ̀wé sójú pátákó, bí a ti ń ṣe ètò ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kan, àti bí a ti ń pa ariwo lẹ́nu ọgbọ̀n ọmọ. Ṣùgbọ́n orí àpáta kò ní ògiri, kò sì ní agogo. Ọmọ kan ti sáré lọ síwájú, òmíràn ti bọ́ bàtà, ẹ̀kẹta sì wà lẹ́yìn tí èémí rẹ̀ kì í tó bí ó bá rìn púpọ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nítorí kò fẹ́ kí wọ́n fi òun sílẹ̀ nílé. Olùkọ́ tí ó bá rò pé iṣẹ́ òun ni kí òun kọ́kọ́ dé òkè ti pa àwọn ọmọ rẹ̀ tì.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín padà sẹ́yìn díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn. Ará Jámánì kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Kurt Hahn. Olùkọ́ ni. Nígbà tí Hitler gba ìjọba ní ọdún 1933, wọ́n ju Hahn sí àtìmọ́lé nítorí pé ó ta kò ó. Nígbà tí ó bọ́, ó lọ sí Bìrìtéènì, ó sì dá ilé-ìwé Gordonstoun sílẹ̀ ní Scotland ní ọdún 1934. Ogun àgbáyé kejì dé. Ní ọdún 1941, òun àti Lawrence Holt, ẹni tí ó ní ọkọ̀ òkun púpọ̀ tí ó fi ń ṣòwò, jọ dá ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn sílẹ̀ ní Aberdovey, ní etíkun Wales. Outward Bound ni wọ́n pè é. Ìdí tí oníṣòwò fi da ara rẹ̀ láàmú pẹ̀lú ilé-ẹ̀kọ́ yẹ ní gbígbọ́. Àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ń ri ọkọ̀ òkun káàkiri nígbà náà. Ìtàn tí a ń sọ títí di òní ni pé, nínú àwọn atukọ̀ tí ó bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré lórí ibú, àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn le koko ni ó ń tètè kú, àwọn àgbà a sì yè é. Agbára kọ́ ni àwọn ọ̀dọ́ náà kò ní. Ojú wọn kò tí ì rí nǹkan ni. Ṣé àwọn baba wa náà sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ní Aberdovey, ńṣe ni wọ́n ń fún ọmọdé ní àkísà díẹ̀ kí ọjọ́ burúkú tó dé.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, irú ẹ̀kọ́ yìí dé ọ̀dọ̀ tiwa. Ní ọdún 1951, Alec Dickson, ará Bìrìtéènì tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Gold Coast tí à ń pè ní Ghana lónìí, bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Man O' War Bay, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Victoria, èyí tí orúkọ rẹ̀ di Limbe. Ilẹ̀ Kamẹrúùnù ni ibẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ní ayé ìgbà náà, pẹ̀lú Nàìjíríà ni wọ́n ń ṣe ìjọba rẹ̀. Wọ́n ń kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin jọ síbẹ̀ láti ẹ̀yà gbogbo. Wọ́n ń kọ́ wọn ní ìwẹ̀ lódò, wọ́n ń gun òkè Kamẹrúùnù tí gíga rẹ̀ ju 4,000 mítà lọ, wọ́n sì ń fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ fún àwọn ará abúlé. Ẹ fi ojú inú wo akọ̀wé tí ó ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ó wá ń ru òkúta pẹ̀lú àgbẹ̀! Dickson yìí kan náà àti ìyàwó rẹ̀, Mora, ni wọ́n dá ẹgbẹ́ VSO sílẹ̀ ní ọdún 1958, ẹgbẹ́ tí ó ń rán ọ̀dọ́ lọ ṣiṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ ní ilẹ̀ òkèèrè.

Ní oṣù February 1961, àwọn ará Gúúsù Kamẹrúùnù dìbò pé Kamẹrúùnù ni àwọn yóò bá lọ. Ẹ̀kọ́ náà wá kó wọ ilẹ̀ Nàìjíríà: ti orí òkè wá wà ní òkè Shere lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jos, ti ojú omi sì wà ní Àpápá, ní Èkó. Citizenship and Leadership Training Centre ni ìjọba pè é, ṣùgbọ́n orúkọ etíkun àtijọ́ yẹn kò parẹ́. Bí ẹ bá ní ọmọ tí ó ti ṣe àgùnbánirọ̀, ètò tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1973, ẹ bi í léèrè. Yóò sọ fún yín bí wọ́n ti ń rìn lórí okùn, tí wọ́n ń fò kòtò ní ibùdó, tí wọ́n sì ń pè é ní Man O' War.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n ń lò ní ibùdó, ẹni tí ó sì lè rìn lórí okùn kò tí ì di ẹni tí a lè fi ọmọ lé lọ́wọ́. Ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn gun òkè, ọ̀tọ̀ ni kí ó kó ènìyàn gùn ún. Ibi tí ọ̀rọ̀ mi dá lé nìyẹn.

Àwọn ọdẹ wa mọ ìyàtọ̀ yìí kí ilé-ẹ̀kọ́ kankan tó dé. Ọmọ tí ó ń kọ́ṣẹ́ ọdẹ a kọ́kọ́ máa tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ lẹ́yìn, a gbé àpò, kò ní í sọ̀rọ̀. Yóò kọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà fẹ́. Yóò kọ́ bí a ti ń ṣẹ́ ẹ̀ka igi sílẹ̀ kí a lè mọ ọ̀nà padà, àti bí a ti ń já ewé tútù dí oríta tí kò yẹ kí ẹni ẹ̀yìn yà sí. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, ọ̀gá á ní, "Ó yá, bọ́ síwájú." Ọ̀gá kò padà sílé o, ẹ̀yìn ni ó wà, tí ó ń wò ó.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo rò pé ó yẹ kí a máa ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa. A kò sì ní láti rán wọn lọ sí Jos. Ní Ìkẹ́rẹ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ láti ọdún 1977, ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti wá di yunifásítì Bamidele Olumilua, àpáta Olósùnta wà nítòsí wọn. Ní Adó níbí, òkè yí wa ká. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ tẹ̀lé ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lọ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà, kí ó ṣíwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí olùkọ́ wà lẹ́yìn láìlanu, àfi bí ewu bá dé. Nígbà tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀, kí gbogbo wọn jókòó sábẹ́ igi, kí a sì bi í léèrè: Ta ni ó kọ́kọ́ rẹ̀? Omi ta ni ó tán? Ìgbà mélòó ni o kà wá? Ìbéèrè yìí máa ń dùn wọ́n ju gígùn òkè lọ, òun sì ni ẹ̀kọ́ náà gan-an. Ìgbà tí ó bá yege níbẹ̀ ni a tó lè fi ọmọ kéékèèké sí abẹ́ ìtọ́jú rẹ̀.

Ẹ gbọ́ díẹ̀ nínú ohun tí yóò kọ́. Yóò kọ́ ìṣirò àkókò. Ní ọdún 1892, ará Scotland kan, William Naismith, fi ìlànà kan lélẹ̀ tí àwọn agunkè ṣì ń lò: wákàtí kan fún nǹkan bíi kìlómítà márùn-ún, kí a sì fi wákàtí kan kún un fún nǹkan bíi 600 mítà tí a bá gùn sókè. Bí ọ̀nà bá jẹ́ kìlómítà márùn-ún tí òkè náà sì ga ní 300 mítà, wákàtí kan àbọ̀ nìyẹn fún àgbà tí ara rẹ̀ dá. Fún ọmọ ilé-ìwé, èmi a sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Kí ó rántí pé níhìn-ín, oòrùn ń wọ̀ láti aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ sí aago méje, òkùnkùn kì í sì í pẹ́ tẹ̀ lé e. Kí ó fi ọmọ tí ó ń rìn jẹ́jẹ́ jù lọ sí iwájú, kí gbogbo ẹgbẹ́ máa bá ìrìn tirẹ̀ lọ. Kí àgbà kan wà lẹ́yìn pátápátá, ẹni tí ọmọ kankan kò gbọdọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀.

Yóò kọ́ nípa àrá. Bí mànàmáná bá kọ, kí ó máa ka ìṣẹ́jú-àáyá títí àrá yóò fi sán. Mẹ́ta-mẹ́ta ni kìlómítà kan. Bí kò bá tó ọgbọ̀n, àrá náà ti súnmọ́ tòsí: kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láti orí àpáta, kí wọ́n má ṣe sá sábẹ́ igi kan ṣoṣo, kí wọ́n má sì padà gòkè títí ìdajì wákàtí yóò fi kọjá lẹ́yìn àrá ìkẹyìn. Bí ejò bá bu ọmọ jẹ, kò gbọdọ̀ fi abẹ gé e, kò gbọdọ̀ fi ẹnu fa oró, kò sì gbọdọ̀ so okùn mọ́ ọn pinpin. Kí ọmọ náà má ṣe fi ẹsẹ̀ rìn mọ́. Kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Kí wọ́n má sì lé ejò náà kiri.

Ti omi le ju ti òkè lọ. Òjò lè rọ̀ sí orí òkè tí ẹ kò rí, kí odò tí ó wà níwájú yín sì kún lójijì. Bí omi bá yí àwọ̀ padà di pupa, tí ewé àti igi bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó lórí rẹ̀, kí gbogbo ọmọ jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá ń rì, kí aṣíwájú na igi gígùn sí i, tàbí kí ó ju kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a so okùn mọ́ sí i. Kí ó má ṣe bẹ́ sódò bí wọn kò bá kọ́ ọ bí a ti ń gba ẹni tí ń rì sílẹ̀, nítorí òkú méjì ni a ó gbé. Gbogbo wa ní Adó ni a mọ orúkọ Fájuyì, tí wọ́n pa pẹ̀lú àlejò rẹ̀, Aguiyi-Ironsi, ní 29 July 1966, a sì ń bọlá fún un. Ṣùgbọ́n n kò wá irú ikú akọni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀dọ́ tí ó kó ọmọ lọ sí Arinta. Ohun tí mo ń wá ni kí òun àti gbogbo wọn padà délé kí ọbẹ̀ tó tutù.

Èyí tí ó ṣòro jù láti kọ́ wọn ni kí wọ́n padà. Mo wà pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ọjọ́ kan tí ọmọbìnrin kan ṣíwájú. Ó ti dá aago kan sílẹ̀ kí a tó gbéra: bí ó bá di agogo kan ọ̀sán, ibi yòówù kí a dé, a ó yí padà. Agogo kan lù. Orí òkè náà wà níbẹ̀ tí a ń wò ó, bóyá ogún ìṣẹ́jú ni ó kù. Ojú ọ̀run mọ́ kedere. Ọmọbìnrin náà ní kí a yí padà. Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ọ̀kan ní ojo ni, òmíràn ní kí ó lọ jókòó sídìí ààrò ìyá rẹ̀. Ó kà wá, a pé, ó sì kọ ẹ̀yìn sí òkè. A dé ìsàlẹ̀ láìsí ohunkóhun tí ó ṣe wá. Òjò kò rọ̀ lọ́jọ́ náà rárá. Kò sí ẹni tí ó lè fi hàn án pé ohun tí ó ṣe tọ̀nà, àwọn kan sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní tèmi, bí mo bá ní ọmọ mẹ́wàá, òun ni mo lè fi wọ́n lé lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ìlú náà tún wà níbẹ̀. Òkè wa kì í ṣe ilẹ̀ aláìlólówó. Àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ ń ṣe ọdún Olósùnta, wọ́n sì ní àwọn tí ó ń tọ́jú ibẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ kí àwọn àgbà ìlú ṣáájú, kí ó dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ó kúnlẹ̀, kí ó sọ iye ọmọ tí ó ń kó bọ̀, kí ó sì béèrè ibi tí a kì í tẹ̀. Yàtọ̀ sí pé ìwà ọmọlúàbí nìyẹn, àwọn àgbà yìí ni wọ́n mọ àpáta tí ń yọ̀ àti ibi tí oyin wà.

Lákòótán ètò, kí ó kọ ìwé kékeré kan kí wọ́n tó gbéra, kí ó sì fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnì kan tí kò bá wọn lọ: ibi tí wọ́n ń lọ, ọ̀nà tí wọn yóò gbà, orúkọ gbogbo ọmọ, aago tí wọn yóò padà dé, àti ẹni tí a ó pè bí ilẹ̀ bá ṣú tí a kò gbúròó wọn. Bí wọ́n bá sì ti dé, kí ó rántí lọ sọ fún ẹni náà kíákíá, kí ó lè lọ sùn.